X96 mini S905W tó ti darúgbó: CoreELEC ni kí n gbé sí i, àbí kí n sọ ọ́ di sáfà ilé?

Wáyà_Pupa

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọ̀gá.

TV box X96 mini kan wà nílẹ̀. Chip S905W ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, 2GB RAM, 16GB ibi ìpamọ́, Android 7.1.2. YouTube inú rẹ̀ kò ṣí mọ́, ohun gbogbo ló ń fà, téèyàn bá tẹ rìmóòtù, ó di ìgbà díẹ̀ kó tó dáhùn. Àmọ́ HDMI rẹ̀ àti USB rẹ̀ ṣì pé, n kò sì fẹ́ jù ú nù.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kó máa ṣe nìyí. Hard disk 1TB kan wà, ti 2.5 ínṣì tí kò ní ṣájà tirẹ̀, NTFS ni (ètò ìpamọ́ fáìlì ti Windows), fíìmù àti orin ló kún inú rẹ̀. Mo fẹ́ máa fi box yìí wo fíìmù inú rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n pálọ̀, 1080p ni, kì í ṣe smart. Mo tún fẹ́ kí fóònù àti tẹlifíṣọ̀n yàrá, tó ní DLNA (ọ̀nà tí ẹ̀rọ inú ilé fi ń pín fídíò àti orin lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì), máa rí àwọn fáìlì kan náà láti orí róútà. Íntánẹ́ẹ̀tì kò pọn dandan.

Iná máa ń lọ lójijì, ínfátà sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gbà á, nítorí náà ńṣe ni box yìí máa ń kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa á.

Nínú àwọn ètò Linux tí wọ́n ń gbé sórí box dípò Android, CoreELEC, LibreELEC, àbí Armbian? Orí káàdì ni àbí inú box gan-an? Kí ló sì lè bà jẹ́ nínú ẹ̀?

---

Àgbà_Kóòdù

Ẹ má tíì gba fáìlì kankan sílẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí kì í ṣe ẹ̀rí. Wọ́n máa ń tún Android inú àwọn box yìí kọ kó máa pe 1GB ní 2GB, Settings náà á sì máa gbè é lẹ́yìn. Ìgbà tí Linux bá gbéra tí ẹ tẹ `free -m` lẹ ó tó mọ òótọ́.

Chip inú ẹ̀ kò burú fún iṣẹ́ tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn. S905W ní core Cortex-A53 mẹ́rin tó ń sáré dé 1.2GHz. Ìyẹn kéré lóòótọ́, àmọ́ àwọn core yẹn kọ́ ló ń túmọ̀ fídíò. Ẹ̀ka ọ̀tọ̀ wà nínú chip náà fún fídíò nìkan, ó mọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀: ó mọ H.264, ó mọ HEVC oní 10-bit, ó mọ VP9. Fíìmù 1080p kò tó nǹkan lójú ẹ̀. Android ló ń jẹ RAM tán. Ẹ gbé Android kúrò lọ́nà, kó ku Kodi (ètò tí a fi ń wo fíìmù) nìkan, rìmóòtù yín á máa dáhùn lójú ẹsẹ̀.

CoreELEC 9.2.8 lẹ máa gbà. Òun ló kẹ́yìn fún ìran S905, S905X, S905W àti S912. Láti orí 19 ni wọ́n ti pa ìran yẹn tì. Orúkọ fáìlì náà ni CoreELEC-Amlogic.arm-9.2.8-Generic.img.gz. Bí ẹ bá rí Amlogic-ng tàbí Amlogic-ne nínú orúkọ, ẹ kọjá lára ẹ̀: ng wà fún S905X2, S905X3 àti S922X, ne wà fún S905X4. Kò ní ba box yín jẹ́, kò kàn ní gbéra ni.

Ọ̀rọ̀ káàdì ló kàn. MicroSD 8GB tó, 16GB tàbí 32GB ló dáa jù, kó ṣáà ti jẹ́ ojúlówó. Kí ẹ tó kọ image (fáìlì CoreELEC yẹn) sí i, ẹ fi H2testw yẹ̀ ẹ́ wò lórí Windows, tàbí f3write àti f3read lórí Linux. Káàdì ayédèrú á ní òun jẹ́ 32GB, á gba gbogbo ohun tí ẹ bá kọ sí i, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ kà á padà lẹ ó mọ̀ pé ohun tó lè pamọ́ kò tó iye tó pe ara ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ "CoreELEC mi ń há" tí wọ́n ń gbé wá síbí, káàdì ló jẹ̀bi.

Ẹ fi Rufus tàbí balenaEtcher kọ image náà. Tó bá parí, ẹ yọ káàdì kí ẹ tún kì í bọ kọ̀ǹpútà, ẹ ó rí apá kan tó ń jẹ́ COREELEC. Fóldà device_trees wà níbẹ̀. Àwọn fáìlì dtb inú ẹ̀ ló ń sọ irú bọ́ọ̀dù tó wà níwájú kernel (ọkàn Linux) fún un: iye RAM, irú ihò wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ní, ibi tí ojú rìmóòtù so mọ́. Ti S905W ni gxl_p281_1g.dtb àti gxl_p281_2g.dtb. Ti S905X ni gxl_p212, òun náà ní 1g àti 2g. Ẹ ṣe ẹ̀dà èyí tó bá tiyín mu, ẹ gbé e jáde kúrò nínú fóldà náà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kernel.img, kí ẹ sọ orúkọ ẹ̀ di dtb.img.

Ẹ yọ iná box, ẹ ki káàdì bọ̀ ọ́. Bọ́tìnnì reset wà ní ìsàlẹ̀ ihò AV lọ́hùn-ún. Igi ìtayín ni kí ẹ fi tì í, ẹ má lo abẹ́rẹ́ o, irin lè so ohun tí kò yẹ kó so pọ̀ nínú ihò yẹn. Ẹ ó gbọ́ tó bá dún tẹ́. Ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀, ẹ ki iná bọ̀ ọ́, kí àmì box jáde lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹ fi bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kún un, ẹ wá tú u sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó ṣe é: aml_autoscript tó wà lórí káàdì á fi sínú u-boot (ètò tó ń jí box) pé kó máa wo káàdì àti USB ná, kó tó kọjú sí Android. Bí ẹ bá yọ káàdì, Android á padà wá bó ṣe wà.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó bá gbéra, á fẹ apá tó kù lórí káàdì, á tún ara ẹ̀ tàn. Ẹ má jẹ́ kí iná lọ níbẹ̀. Ẹ ṣe é nígbà tí ínfátà bá wà lórí iṣẹ́.

Inú box ńkọ́? Ẹ fi eMMC, ibi ìpamọ́ inú box, sílẹ̀. Ó yára ju káàdì lọ, òótọ́ ni, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá dàrú, USB Burning Tool àti wáyà USB tó jẹ́ akọ sí akọ ni ẹ ó fi gbé e dìde, ẹ ó sì nílò firmware (sọ́fítíwíà inú ẹ̀rọ) tó bá bọ́ọ̀dù yín mu gan-an. X96 mini tó wà níta kì í ṣe bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, Wi-Fi inú wọn yàtọ̀ síra. Firmware tí kò bá a mu á gbéra láìní Wi-Fi. Káàdì tó bá bàjẹ́, òmíràn lẹ ó rà.

---

Wáyà_Pupa

Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Mo lo gxl_p281_2g. Àmì X96 ló jáde, ó sì dúró síbẹ̀.

---

Àgbà_Kóòdù

Ohun méjì ló máa ń fa ìyẹn. Windows máa ń fi ìparí orúkọ fáìlì pamọ́. Ẹ̀yin rí dtb.img, àmọ́ dtb.img.dtb ló wà lórí káàdì. Ẹ lọ sí View, ẹ fi àmì sí File name extensions, ẹ wá wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bí orúkọ bá pé, ẹ gbé 1g síbẹ̀. Dtb 2g lórí box oní 1GB á ní kí kernel lo RAM tí kò sí, ibẹ̀ náà ló máa há sí. Òdìkejì ẹ̀ kò léwu: 1g lórí box oní 2GB á gbéra dáadáa, ìdajì RAM ni kò ní rí.

---

Wáyà_Pupa

1g ti gbéra. `free -m` ń pè é ní 800 àti díẹ̀. Ẹni tó tà á ní 2GB, Ọlọ́run ń bẹ.

Kodi ti jáde. Báwo ni ti fóònù àti tẹlifíṣọ̀n yàrá? Ṣé dandan ni Armbian?

---

Ìyá_Róútà

Kò sí dandan níbẹ̀. Box kan náà lè ṣe méjèèjì láìkúrò lórí CoreELEC.

Ẹ lọ sí Settings, Services, UPnP/DLNA, ẹ tan Share my libraries. Tẹlifíṣọ̀n yàrá á rí Kodi bíi sáfà DLNA. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀ ń sọ ọ́: ohun tó wà nínú library (àkójọ fíìmù tí Kodi ti kà) ló ń pín dáadáa, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi fóldà fíìmù kún Videos, kí ẹ sọ irú ohun tó jẹ́, kó kà wọ́n tán. Ti fóònù, Samba (ètò tí ń pín fóldà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ló rọrùn jù. Nínú CoreELEC Settings, lábẹ́ Services, ẹ tan án, ẹ fún un ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà. VLC lórí fóònù á rí i lábẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé.

Ẹ fún disk náà ní label (orúkọ) kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí. CoreELEC máa ń gbé disk sí /var/media/ pẹ̀lú label ẹ̀. Bí kò bá ní label, orúkọ tí ẹ̀rọ fún un lẹ ó rí, ó sì lè yí padà bí ẹ bá ki í bọ ihò USB kejì. Gbogbo library yín á wá máa tọ́ka sí ibi tí kò sí mọ́.

Ihò wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì S905W kò ju 100Mbps lọ, ìyẹn bíi 11MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fíìmù 1080p tó ń jẹ 10Mbps, mẹ́ta lè rìn pọ̀ láìṣe wàhálà. Ibi tí ẹ ó ti rí ìyà ni gbígbé fáìlì wọlé: ẹ má gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì da 300GB sórí disk, ẹ yọ disk náà kí ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá sì lè fi wáyà so box mọ́ róútà, ẹ má wo Wi-Fi inú ẹ̀ rárá. Áńtẹ́nà rẹ̀ kò lágbára, àwọn chip Wi-Fi kan tí wọ́n ń fi sí i kò sì ní dírébà tó dúró dáadáa.

Ibi tí èmi àti Àgbà_Kóòdù ò ti ní fọwọ́ sí ohun kan náà ni pé 9.2.8 ti dúró sójú kan. Kodi 18 ló wà nínú ẹ̀, kernel 3.14. Láti Kodi 19 ni àwọn add-on (ètò àfikún Kodi) ti bọ́ sórí Python 3, nítorí náà èyí tí wọ́n ń tún ṣe lónìí kò ní wọlé sórí tiyín. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ka èyí tó jẹ́ pé add-on YouTube ló ń wá, kó gbé LibreELEC 12 wò, image AMLGX oní box. Dtb ti ìyẹn kì í ṣe pé ẹ yí orúkọ fáìlì padà: ẹ ṣí uEnv.ini lórí káàdì, ẹ fi meson-gxl-s905w-p281.dtb dípò @@DTB_NAME@@. Add-on YouTube á tún bèèrè API key tirẹ̀ lọ́wọ́ yín, Google Cloud Console ni wọ́n ti ń gbà á.

Ohun tí ẹ ó pàdánù: kernel tuntun yẹn kò mọ ẹ̀ka fídíò Amlogic tó ti kernel àwọn tó ṣe chip náà. H.264 á lọ, HEVC kò dúró gbọin, bí ẹ bá sì ń fò síwájú sẹ́yìn nínú fíìmù, àwòrán lè há.

---

Àgbà_Kóòdù

Kò sí ìjà níbẹ̀, ìyá wa. Ẹni tó béèrè ní íntánẹ́ẹ̀tì kò pọn dandan, ìdí nìyẹn tí mo fi ní 9.2.8. Fún fáìlì orí disk, kò tíì sí èyí tó jù ú lọ lórí chip yìí.

Wáyà_Pupa, ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé: Settings, Player, Videos, Adjust display refresh rate, ẹ fi sí On start/stop. Fíìmù sinimá jẹ́ 23.976 àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí tẹlifíṣọ̀n bá dúró sí 60Hz, Kodi á fi àwòrán kan hàn lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ wo ibi tí kámẹ́rà bá ti rọra ń yí kọjá lára ilé tàbí igi, ẹ ó rí i pé ó ń ta gìgì. Tẹlifíṣọ̀n tó bá gba 24Hz, gìgì yẹn á lọ pátápátá. Ojú á ṣókùnkùn díẹ̀ nígbà tí fíìmù bá ń bẹ̀rẹ̀, HDMI ló ń yí padà, kì í ṣe àrùn.

---

Àrá_Ò_Sán

Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ iná, ibẹ̀ gan-an sì ni box yìí á ti kú.

Ṣájà X96 mini jẹ́ 5V 2A. Hard disk 2.5 ínṣì lè fa nǹkan bí 1A nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí, ihò USB 2.0 sì jẹ́ 500mA lórí ìwé. Bí ṣájà bá ti gbó, fóltéèjì á jábọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Àmì ẹ̀: disk á máa dún tak-tak, á wá, á lọ, ẹ ó sì rí "reset high-speed USB device" tàbí "I/O error" nínú `dmesg` (àkọsílẹ̀ kernel). Wọ́n á ní disk ti bàjẹ́, ó lè jẹ́ iná ni kò tó o. Ẹ ra USB hub tó ní ṣájà tirẹ̀, 5V 2A sókè, kí disk máa jẹun níbẹ̀. Àwọn hub kan máa ń ti iná padà sínú box láti ojú USB: ẹ yọ ṣájà box, bí iná kékeré iwájú ẹ̀ bá ṣì ń tàn, ẹ pààrọ̀ hub yẹn, torí box kò ní lè tún ara ẹ̀ tàn dáadáa.

Ti kí iná máa lọ lójijì: mini UPS (bátìrì kékeré tó ń gba iná lójú ẹsẹ̀) tí wọ́n ń tà fún róútà ló máa tán an. Ẹ yan èyí tó ní ẹnu 5V tó lè gbé 2A, yàtọ̀ sí ẹnu 9V àti 12V ti róútà. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó ki wáyà bọ̀ ọ́. Orí wáyà 12V lè wọ ihò box yẹn bí ẹni pé tiẹ̀ ni, box tó bá sì gba 12V ti jóná nìyẹn. Ẹ fi téèpù pupa sàmì sí ti 5V. Hub disk náà gbọ́dọ̀ wà lórí UPS tàbí ínfátà kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, box á wà láàyè, disk á kú lójú fíìmù.

NTFS: bí disk bá kú láìjẹ́ pé a yọ ọ́ dáadáa, Linux lè kọ̀ láti kọ nǹkan sí i, ó lè jẹ́ kíkà nìkan ló máa gbà. Ohun kan náà máa ń ṣẹlẹ̀ bó bá ti orí Windows wá tí Fast Startup wà níbẹ̀, torí Windows kò pa á tán. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt bí alábòójútó:

powercfg /h off
chkdsk E: /f

E: ni lẹ́tà disk yín. Ọ̀nà tó pẹ́ títí ni kí ẹ kó àwọn fáìlì kúrò, kí ẹ sọ disk di ext4 (ètò ìpamọ́ fáìlì ti Linux). Ext4 ní àkọsílẹ̀ tó fi ń tún ara ẹ̀ ṣe bí iná bá lọ, kì í sì í jẹ core bíi ntfs-3g. Ìṣòro ẹ̀ kan ṣoṣo ni pé Windows kò ní rí i mọ́. Orí Samba lẹ ó máa gbà.

Ooru náà ńkọ́? Ẹ tẹ:

cat /sys/class/thermal/thermal_zone0/temp

Ẹ fi 1000 pín ohun tó bá jáde. 60 sí 70 kò burú. Bó bá ń kọjá 80, ẹ tú ìdí ẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan ló wà lórí chip, ìgbà míì gọ́ọ̀mù tó fi lẹ̀ mọ́ ọn ti gbẹ. Ẹ ha á kúrò, ẹ fi thermal pad tuntun sí i, kí ẹ lu ihò mélòó kan sí ìdí ike náà. Ẹ má tò ó sórí róútà tàbí sórí dékódà.

---

Ọmọ_Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè mẹ́ta. Bí mo bá ní box kejì tí kò ní so mọ́ tẹlifíṣọ̀n rárá, ṣé Armbian ló tọ́? Chromecast àtijọ́ ńkọ́, ṣé a lè ṣe irú èyí sí i? Mo sì gbọ́ pé kòkòrò máa ń wà nínú Android àwọn box yìí láti ilé iṣẹ́ wá.

---

Ìyá_Róútà

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Òótọ́ ni. Lóṣù Kìíní 2023 ni olùwádìí kan fi hàn pé kòkòrò wà nínú firmware box T95 kan, oṣù Kẹwàá ọdún kan náà ni ilé iṣẹ́ HUMAN Security gbé ọ̀rọ̀ BADBOX, orúkọ tí wọ́n fún irú kòkòrò yìí, jáde, FBI náà sì kìlọ̀ lórí BADBOX 2.0 lóṣù Kẹfà 2025. Inú Android ló ń gbé. Nígbà tí CoreELEC bá wà lórí iṣẹ́, Android yẹn ń sùn ni. Àmọ́ bí káàdì bá bàjẹ́ tí iná dé lóru, box á gba inú eMMC gbéra, á sì wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín. Kí ẹ tó kúrò lórí Android, ẹ ṣe factory reset kó gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà Wi-Fi. Bó bá jẹ́ wáyà lẹ fi so ó, ẹ lọ sínú róútà, ẹ dí MAC (nọ́ńbà ìdámọ̀) ẹ̀ kó má lè jáde síta. Lílo inú ilé kò ní dàrú.

Chromecast: ẹ gbàgbé ẹ̀. Bootloader ẹ̀ wà ní títì, kò sì sí ihò káàdì. Oṣù Kẹta 2025, ìwé ẹ̀rí kan tó wà nínú Chromecast ìran kejì àti Chromecast Audio ló parí ọjọ́ ẹ̀, gbogbo wọn sì dákẹ́ lọ́jọ́ kan náà títí Google fi tún un ṣe. Ẹni tó ní i kò lè tún ìwé ẹ̀rí yẹn ṣe fúnra ẹ̀. Ẹ fi wé Squeezebox, ẹ̀rọ orin ti Logitech: oṣù Kẹta 2024 ni wọ́n pa mysqueezebox.com, àmọ́ sọ́fítíwíà sáfà ẹ̀ ti wà ní gbangba tipẹ́, Lyrion Music Server ló ń jẹ́ báyìí, àwọn ẹ̀rọ yẹn sì ń kọrin lọ.

Box kejì: Armbian ni. Iṣẹ́ ophub lórí GitHub ni kí ẹ wá, image tó ní s905w nínú orúkọ. Ẹ kọ ọ́ sórí káàdì, ẹ yẹ ìlà FDT inú uEnv.txt wò kó jẹ́ meson-gxl-s905w-p281.dtb, igi ìtayín bíi ti àkọ́kọ́. Orúkọ ìwọlé (ti alábòójútó) ni root, 1234 ni ọ̀rọ̀ aṣínà, á ní kí ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kan eMMC, ẹ kọ́kọ́ fi `armbian-ddbr` ṣe ẹ̀dà ohun tó wà níbẹ̀.

Disk nínú /etc/fstab, ìlà kan:

UUID=ti_disk_yin /srv/media ext4 defaults,noatime,nofail,x-systemd.device-timeout=15 0 2

`blkid` ló máa fún yín ní UUID. Ẹ má yọ nofail. Láìsí i, lọ́jọ́ tí disk bá kọ̀ láti jí, box á dúró sí emergency mode, kò sì sí tẹlifíṣọ̀n tí ẹ ó fi rí i. Ẹ ó rò pé ó ti kú ni.

Lẹ́yìn náà, `apt install minidlna` (sáfà DLNA kékeré), ẹ wá fi èyí sínú /etc/minidlna.conf:

media_dir=V,/srv/media/fiimu
media_dir=A,/srv/media/orin
friendly_name=Ile
inotify=yes

`systemctl restart minidlna`, kí ẹ ṣí adírẹ́ẹ̀sì box náà pẹ̀lú :8200 nínú bùráúsà. Á sọ iye fídíò àti orin tó rí. Bó bá jẹ́ 0, ọ̀rọ̀ àṣẹ ni: minidlna ń lo orúkọ tirẹ̀, kò sì lè wọ fóldà tí root nìkan ni. `chmod -R a+rX /srv/media` á tán an. Bí fóldà bá pọ̀ gan-an, fáìlì tuntun kò ní máa jáde fúnra ẹ̀. Ẹ fi `fs.inotify.max_user_watches=65536` sínú fáìlì kan nínú /etc/sysctl.d, bíi 99-minidlna.conf.

Jellyfin, sáfà fíìmù mìíràn, ni gbogbo èèyàn fẹ́ nítorí ẹwà ẹ̀. Lórí 1GB, ẹ má dán an wò. Lórí 2GB tòótọ́ á gbéra, àmọ́ ẹ pa transcoding (yíyí fídíò padà bó ti ń lọ) fún gbogbo àwọn tó ń lò ó, torí core mẹ́rin yìí kò lè yí 1080p padà bó ti ń lọ. Ẹ ó rí àwòrán ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, á dúró, á tún lọ.

Bí orin ni pàtàkì, squeezelite (ètò tí ń kọ orin Lyrion) lórí Armbian kan náà pẹ̀lú USB DAC (ẹ̀rọ tó ń sọ orin di ohùn), kí Lyrion wà lórí box tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn, ó dùn púpọ̀.

---

Wáyà_Pupa

Hub oníṣájà ti wà lórí ẹ̀, `dmesg` ti dákẹ́. Fóònù ń rí Samba. Tẹlifíṣọ̀n yàrá rí Kodi nínú DLNA, àmọ́ àwọn fíìmù kan ní àwòrán láìní ohùn. Àwọn yẹn kan náà ń sọ̀rọ̀ ní pálọ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì: bí iná bá lọ tó dé, aago box á ti padà sí ọdún àtijọ́.

---

Àgbà_Kóòdù

Aago: kò sí bátìrì aago nínú box yẹn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń mọ àkókò. Bí róútà yín kò bá ní dátà, á wà bẹ́ẹ̀, fíìmù kò ní torí ẹ̀ dúró. Bí ẹ bá tan dátà tí add-on ń ṣàròyé nípa certificate, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan kí aago tún ara ẹ̀ ṣe, tàbí kí ẹ kọ pool.ntp.org sí ibi NTP lábẹ́ Network nínú CoreELEC Settings.

Ohùn: DTS ni, irú ìfúnpọ̀ ohùn kan. Ní pálọ̀, Kodi ló ń túmọ̀ ẹ̀ kó tó gbé e lọ sí HDMI. Lórí DLNA, fáìlì ló ń lọ bó ṣe wà, tẹlifíṣọ̀n yàrá kò sì mọ DTS. Ẹ tẹ lẹ́tà O lórí kíbọ́ọ̀dù nínú Kodi nígbà tí fíìmù bá ń lọ, tàbí kí ẹ lo `ffprobe`, ẹ ó rí irú ohùn tó wà nínú ẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, kì í ṣe lórí box:

ffmpeg -i fiimu.mkv -map 0:v:0 -map 0:a:0 -c:v copy -c:a ac3 -b:a 448k fiimu-ac3.mkv

Ohùn nìkan ló ń yí padà, a kò fọwọ́ kan àwòrán, nítorí náà kì í pẹ́. Bí fíìmù bá ní èdè méjì, 0:a:0 á mú ti àkọ́kọ́ nìkan; ẹ fi 0:a:1 bí èyí tí ẹ fẹ́ bá jẹ́ ìkejì. Àkọlé ìsàlẹ̀ kò tẹ̀ lé e nínú ìlà yìí, ẹ fi `-map 0:s? -c:s copy` kún un bí ẹ bá nílò ẹ̀. Ẹ wo fáìlì tuntun náà lórí tẹlifíṣọ̀n yàrá kí ẹ tó pa ti àtijọ́ rẹ́.